Fágúnwà: ẹni tí ó sọ ìwé kíkà di ọ̀rọ̀ agbo

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, iṣẹ́ ìwé ni iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ara wa léèrè ìwé tí a kà kẹ́yìn nítorí pé ó dùn, tí kì í ṣe nítorí ìdánwò, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kọ́kọ́ dákẹ́. A ti mọ bí a ṣe ń tú gbólóhùn palẹ̀, a mọ ọ̀rọ̀-orúkọ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀-ìṣe, a sì lè fi ọ̀sẹ̀ kan wá àpẹẹrẹ ìpajẹ fáwẹ̀lì nínú àyọkà kan láì mọ ohun tí àyọkà náà ń sọ. Ní ti ìwé Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i fún àwa tí a ti Ṣábẹ̀ẹ́, Kétu tàbí Ìdàáṣà wá. Èdè ilé ni a fi sọ̀rọ̀ dàgbà, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ wa ní ìwé kíkà. Àlọ́ wà ní ẹnu, ìwé wà ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn méjèèjì kò sì mọ ara wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a ka ìtàn ìgbésí ayé Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà pọ̀ nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò ni bí ọkùnrin yìí ṣe mú àlọ́ àti ìwé mọ ara wọn.

Ìbí rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọdún 1903 ni a bí Fágúnwà ní Òkè-Igbó, ìlú kan tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó lónìí ní Nàìjíríà. Orúkọ ìlú náà sọ irú ibi tí ó jẹ́. Igbó ni, igbó tí ó sì dí. Ní ayé ogun àwọn ọdún 1800, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá sí lábẹ́ Dérìn Ọlọ́gbénlá, jagunjagun ará Ifẹ̀. Ọmọ tí a bí sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ọdẹ fún un, tàbí kí wọ́n sọ fún un pé igbó ní ohun tí ojú kò rí.

Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Joshua Akíntúndé, ti ìyá rẹ̀ sì ni Rachel Òṣunyọmí. Ẹ wo àwọn orúkọ wọ̀nyí dáadáa, nítorí iṣẹ́ wa ni. Joshua àti Rachel ti inú Bíbélì wá. Òṣunyọmí, Ọ̀ṣun ni ó ni ín. Orúkọ ìdílé fúnra rẹ̀, Fágúnwà, Ifá ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwà ni ó parí rẹ̀: Ifá mú ìwà gún. Ọmọ náà sì ń jẹ́ Ọlọ́runfẹ́mi. Àwọn òbí rẹ̀ ti gba ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn àtijọ́ ṣì wà nínú orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Ẹni tí ó bá ka ìwé rẹ̀ yóò rí i pé báyìí náà ni ó ṣe kọ̀wé: Ọlọ́run àwọn oníwàásù àti àwọn ẹbọra inú igbó jọ ń gbé inú ojú-ewé kan ṣoṣo.

Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ St. Luke ní Òkè-Igbó. Lẹ́yìn náà, láti ọdún 1926 títí dé 1929, ó wà ní St. Andrew’s College ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tí ó jáde, wọ́n fi í ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tí ó wà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1939.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ní apá ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, àwọn míṣọ́nnárì CMS ti ń fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà tipẹ́. Ajàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, odindi Bíbélì sì ti wà ní Yorùbá kí ọdún 1900 tó dé. Nítorí náà, nígbà tí Fágúnwà ń ṣe olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n lè ka èdè wọn. Ní apá ti Faransé, ní Dahomey ìgbà náà, Faransé nìkan ni èdè ilé-ìwé. Ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n máa ń fi ohun ìtìjú kan kọ́ lọ́rùn, ohun tí àwọn àgbàlagbà wa ṣì ń pè ní “signal”. Èdè kan náà ni, ààlà ìjọba ni ó pín in. Ní ìhà kan, ọmọdé ń kọ́ láti kà á. Ní ìhà kejì, ó ń kọ́ láti fi pamọ́.

Ìdíje ọdún 1936

Síbẹ̀, kíkà tí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju Bíbélì, ìwé orin, ìwé àdúrà àti ìwé ẹ̀kọ́ lọ. Ìwé ìtàn tí ènìyàn lè kà kí ó sì rẹ́rìn-ín kò pọ̀. Òótọ́ ni pé ní ọdún 1929 sí 1930, I. B. Thomas ti ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, àwọn ará Èkó sì gbádùn rẹ̀ gan-an. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ kò fi fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ìtàn àròsọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìtàn obìnrin ìgboro Èkó ni ti Sẹ̀gilọlá, kì í ṣe ìwé tí olùkọ́ yóò gbé fún ọmọ ilé-ìwé.

Ní ọdún 1936, ẹ̀ka ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba Nàìjíríà ṣe ìdíje fún àwọn tí ó lè kọ ìwé ní èdè ìbílẹ̀. Fágúnwà kọ ìtàn kan ránṣẹ́. Ní ọdún 1938, ilé-ìtẹ̀wé CMS ní Èkó tẹ̀ ẹ́ jáde: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Olùkọ́ ọmọ ọdún 35 ni nígbà náà.

Ohun tí ó ṣe nínú ìwé yìí rọrùn láti sọ, kò sì rọrùn láti ṣe. Ó mú ìtàn ọdẹ, àlọ́, òwe, oríkì, ọfọ̀ àti ìwàásù, gbogbo ohun tí etí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì so wọ́n pọ̀ sórí ìrìnàjò ọkùnrin kan ṣoṣo, Àkàrà-ògùn, ọmọ ọdẹ tí òun náà ya ọdẹ. Àkàrà-ògùn wọ inú igbó, ó bá Àgbákò jà, ó padà wálé, ó tún lọ. Níkẹyìn ọba rán òun àti àwọn akíkanjú mìíràn sí Òkè Lángbòdó. Kákò Oníkùmọ̀-ekùn wà lára wọn, Ìmọ̀dóyè náà wà níbẹ̀, àti Olóhùn-iyọ̀. Ẹ wo orúkọ Olóhùn-iyọ̀: oní, ohùn, iyọ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè lè fi ìṣẹ̀dá orúkọ inú ìwé yìí nìkan kọ odindi mẹ́múà. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí ó gbọ́ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́, èyí ni Fágúnwà sì ń wá.

Agbo tí ó wà nínú ìwé

Ohun kan wà nínú ìwé náà tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kì í ṣe òǹkọ̀wé ni ó ni ìtàn yẹn. Àkàrà-ògùn, tí ó ti di arúgbó, ni ó wá bá a nílé, tí ó ní kí ó gbé gègé àti ìwé, kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn méjì péré ni wọ́n jókòó. Nígbà tí bàbá náà fi máa padà dé láti máa bá ìtàn lọ, ìròyìn ti tàn ká, àwọn ará àdúgbò sì ti ń wá gbọ́. Bí ìtàn ti ń gùn ni èrò ń pọ̀ sí i.

Fágúnwà mọ ohun tí ó ń ṣe. Ó fi han ẹni tí ó mú ìwé náà dání bí ó ṣe yẹ kí ó kà á. Kí ó kà á sókè, kí ẹlòmíràn gbọ́, kí ẹni tí ó gbọ́ lọ pe ẹnìkejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe kà á. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ó mọ̀wé ni ó ń ka Fágúnwà fún bàbá àti ìyá tí kò mọ̀wé. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ lè sọ ìjà Àkàrà-ògùn àti Àgbákò fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé kan ṣoṣo lè tó odindi agboolé.

Àwọn mìíràn ti bá a wí, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́. Ìwàásù inú ìwé rẹ̀ máa ń gùn. Ó lè dá ìtàn dúró níbi tí ó ti gbóná jù lọ kí ó tó wá máa gba òǹkàwé níyànjú lórí ọmọ títọ́. Ojú tí ó fi wo obìnrin ní àwọn ibì kan kò ní tẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin wa lọ́rùn. A lè sọ gbogbo èyí kí a sì máa ka ìwé náà lọ. Nínú agbo ìtàn, àwọn kan máa ń yọ ṣùtì sí apàlọ́, wọn kì í torí ìyẹn dìde.

Àwọn ìwé tí ó tẹ̀lé e

Lẹ́yìn ọdún 1939, Fágúnwà ṣe olùkọ́ káàkiri, ní Ọ̀wọ̀, ní Èkó àti ní ibòmíràn. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ó lọ sí Ìlú Ọba. Ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún nínú ìwé Ìrìnàjò, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní ọdún 1949.

Ọdún 1949 yìí kan náà ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde. Igbó Olódùmarè jẹ́ ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn. Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje tẹ̀lé e ní ọdún 1954, Àdììtú Olódùmarè sì dé ní ọdún 1961. Ilé-iṣẹ́ Nelson ni ó wá ń tẹ àwọn ìtàn wọ̀nyí. Wọ́n jẹ́ márùn-ún lápapọ̀.

Ṣùgbọ́n kò gbàgbé àwọn ọmọdé tí kò tíì lè ka ìwé gígùn. Òun àti L. J. Lewis jọ kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé, ìwé kíkà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún kọ ìwé kan tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọn yóò ṣe lò ó. Mo ka èyí sí iṣẹ́ ńlá bí àwọn ìtàn náà. Ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n wá wo igbó òun gbọ́dọ̀ la ọ̀nà dé ibẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ pọ̀ ní ilé-ìwé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìwé sì di ohun tí wọ́n ń wá kiri. Ní àkókò yìí ni Fágúnwà ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tí ó ń rí sí ìwé títẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní ọdún 1955 kan náà ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Margaret Wrong nítorí iṣẹ́ ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1959, ó kúrò níbẹ̀, ó sì di aṣojú ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Heinemann ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ rẹ̀ wá di kí ó máa rìn láti ìlú dé ìlú nítorí ìwé.

Ikú rẹ̀

Ìrìnàjò ni ó kú sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, ó wà ní ẹ̀bá odò ní Wuya, nítòsí Bida ní ilẹ̀ Nupe, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e sọdá. Ó já sínú omi, ó sì kú. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Òkè-Igbó ni wọ́n gbé e lọ sin.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí sọ oríṣiríṣi ìtàn nípa ikú náà. Àwọn kan ní àwọn iwin tí ó tú àṣírí wọn ni ó wá mú un lọ. Àwọn kan ní kò kú rárá. Mi ò rò pé ó yẹ kí a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn òǹkàwé rẹ̀ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti bá a wọ igbó fún ọdún 25, wọn kò sì mọ bí ìtàn rẹ̀ ṣe lè parí ní ẹ̀bá odò bí ti ẹnikẹ́ni.

Bí igbó náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, iṣẹ́ náà ń rìn lọ. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, ó sì tún túmọ̀ Igbó Olódùmarè ní ọdún 2010. Wálé Ògúnyẹmí sọ ìrìnàjò sí Òkè Lángbòdó di eré orí ìtàgé, èyí tí Nàìjíríà gbé lọ sí àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977. Ayọ̀ Bámgbóṣé, ẹni tí a ń ka gírámà Yorùbá rẹ̀ ti ọdún 1966 ní kíláàsì, kọ odindi ìwé lórí àwọn ìtàn Fágúnwà ní ọdún 1974. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa: onígírámà pàtàkì ni, síbẹ̀ ó ráyè fún ìtàn.

Ní ti àwa tí a kọ́ ìwé ní Faransé, ọ̀nà tí igbó yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa yí po. Ní ọdún 1952, Amos Tutùọlá tẹ ìtàn ọ̀mùtí rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìwé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ipa Fágúnwà hàn lára rẹ̀. Ní ọdún 1953, Raymond Queneau, òǹkọ̀wé ará Faransé, túmọ̀ rẹ̀: L’Ivrogne dans la brousse. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó bá rí ìwé yẹn ní ilé-ìkàwé yóò bá àwọn iwin ilẹ̀ baba rẹ̀ pàdé ní èdè Faransé, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba inú èdè Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ìwé náà dára, ẹ kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí orísun wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kò yẹ kí ó máa fi gbogbo ìgbà ra omi inú ọ̀rá.

Kí ni ó wá ń dí wa lọ́wọ́? Àkọtọ́ ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àkọtọ́ àtijọ́ ni Fágúnwà lò, tí wọ́n ń kọ “aiye” àti “enia”. Ọdún 1974 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, “ayé” àti “ènìyàn”. Ní ọdún 1975, orílẹ̀-èdè tiwa ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè wa, níbi tí “ɛ”, “ɔ”, “sh” àti “kp” ti gba ipò “ẹ”, “ọ”, “ṣ” àti “p”. Orúkọ ìlú wa fúnra rẹ̀, a ń rí Savè, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Cabɛ. Ẹ̀ka-èdè náà tún yàtọ̀: àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú Fágúnwà tí a kò lò nílé.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, ojú ni ó ń dà láàmú, kì í ṣe etí. Ẹ fún ẹni tí ó mọ àmì ohùn ní Ògbójú Ọdẹ, kí ó kà á sókè ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí àwọn àgbàlagbà jókòó. Wọn yóò béèrè ọ̀rọ̀ mélòó kan, wọn yóò sì ní kí ó máa kà á lọ. Ohun tí ó ṣòro fún ẹnìkan tí ó dá jókòó pẹ̀lú ìwé lè rọrùn fún ènìyàn mẹ́rin tí wọ́n pé jọ. Ó jọ pé Fágúnwà ti mọ èyí láti ọdún 1938.

Ìwé tí ẹ lè kọ́kọ́ mú

Ẹni tí kò ka Fágúnwà rí, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ògbójú Ọdẹ. Ó kúrú ju bí a ti ń rò lọ, orí kọ̀ọ̀kan sì tó fún ìjókòó alẹ́ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìtàn ìfẹ́, Àdììtú Olódùmarè ni kí ó wá, kí ó lọ wo bí ọ̀rọ̀ Àdììtú àti Ìyùnadé ṣe rí. Ẹni tí ìyà ayé bá ń jẹ, Ìrèké Oníbùdó yóò bá a sọ̀rọ̀. Tèmi ni Igbó Olódùmarè, nítorí pé ìgbà tí bàbá bá wọ igbó kí ọmọ tó wọ̀ ọ́ ni a máa ń mọ ohun tí ọmọ jogún.

Àbá mi kò le. Kí àwa tí ìwé bá tẹ̀ lọ́wọ́ má ṣe tì í mọ́ inú àpò. Kí ará Ṣábẹ̀ẹ́ kan, ará Kétu kan àti ará Ìdàáṣà kan jókòó ti ẹ̀dà kan, kí wọ́n máa gba kíkà lọ́wọ́ ara wọn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti yàtọ̀, kí oníkálùkù sọ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí etí ìwé kékeré kan. Ìyẹn náà ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni, ó sì dùn. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, kí wọ́n gbé ìwé náà fún àwọn mẹ́ta mìíràn, kí àwọn yẹn náà sọ èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù fún wa ní ojú-ewé yìí.